Fíìmù Àwọn Ọmọ Wa Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ Ka Ìwé Ètò Wọn Kí Ẹ Tó Sọ Pé Rárá

 

 Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rí àkòrí ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì bèèrè pé kí ni ó kan lèmọ́mù nínú ọ̀rọ̀ fíìmù yíyà. Ohun tí ó kàn mí níbẹ̀ ni pé mo ti ṣe àṣìṣe kan lórí rẹ̀, àṣìṣe náà kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bí ó ti rí, kí ẹ̀yin má baà ṣe irú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní yunifásítì wá bá mi lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Olùkọ́ wọn ti pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún, ó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Máàkì rẹ̀ wà lára ohun tí wọn yóò fi jáde ní ilé ìwé. Ọmọ yìí ní àwọn fẹ́ ya fíìmù nípa ládàní wa, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ń pe ìrun ní àdúgbò wa kí a tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn rárá. Ó mú fáìlì kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. N kò gbà á. Mo ní, "Ọmọ mi, mọ́sálásí kì í ṣe ilé sinimá." Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àlùfáà, ẹ kàn bá mi kà á." Mo ní ó ti tó. Ó dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú irú ìbéèrè kan náà. Bàbá tirẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa. Kò mú ìwé kankan wá. Ó ní nǹkan kékeré kan ni àwọn fẹ́ yà ní àgbàlá, kò ní pẹ́. Mo wo ojú bàbá rẹ̀, mo ní kò burú. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé, nígbà tí ìrun Aláásárì ti ń sún mọ́lé. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ yà. Iná lọ, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa. Wọ́n na wáyà kọjá ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a kí ìrun tán, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí kò gba iná sí bátìrì kámẹ́rà. Wọn kò rí ohun tí ó ní láárí yà ní ọjọ́ náà.

Nínú àwẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ládàní wa papò dà. Kí Ọlọ́hun forí jì í. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá a rí ẹni tí ó gba ohùn bàbá wọn sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ. A wá gbogbo fóònù tí ó wà láàárín jàmáà. Ohun tí a rí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ariwo ọkọ̀ sì ti bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí fáìlì tí n kò gbà.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọmọbìnrin náà. Ó ti jáde ní yunifásítì. Ó mú fáìlì rẹ̀ wá, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni ìwé eré rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kámẹ́rà kò ní wọ inú mọ́sálásí nígbà ìrun, pé kò sí obìnrin kankan nínú jàmáà tí àwọn yóò ya ojú rẹ̀ láìgba àṣẹ, àti pé àwọn yóò ti palẹ̀ mọ́ kúrò ní àgbàlá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìrun kọ̀ọ̀kan tó tó. Ó ti wá sí àdúgbò wa lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdájí láti gbọ́ bí ohùn bàbá náà ṣe ń dún àti irú ariwo tí ń bẹ ní òpópónà ní àkókò náà. Ìwé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ìwé ìyọ̀ǹda. Àtàǹpàkò ládàní wa wà níbẹ̀. Bàbá náà ti gbà, ó ti tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Kò sọ fún mi, nítorí ó gbọ́ pé mo ti ní rárá.

Ẹ̀yin ará wa, èyí ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ tí ó ti ṣètò, tí ó ti ronú lórí ọ̀wọ̀ mọ́sálásí ju bí èmi fúnra mi ti ronú lọ, òun ni mo lé. Èyí tí kò ṣètò ohunkóhun ni mo gbà láàyè, nítorí mo mọ bàbá rẹ̀. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tí ó wà lọ́jà ní ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé fíìmù fúnra rẹ̀ ni kò dára. Àwọn onímọ̀ wa ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àwòrán tipẹ́tipẹ́, ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn yìí kò sì lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé ni, kì í ṣe ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Bí a bá lé e, kò ní ṣàì yà á: yóò lọ yà á ní ibòmíràn, ní kánjúkánjú, pẹ̀lú àwọn tí a kò mọ̀, lórí ìtàn tí a kò kà. Ohun tí a ń bẹ̀rù nínú fíìmù, ìyẹn ìwà tí kò bójú mu, irọ́, àti kí ọkùnrin àti obìnrin máa dá wà títí òru, gbogbo rẹ̀ ni ìwé ètò máa ń fi hàn kí wọ́n tó ya ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò lè sọ pé, "Yọ èyí kúrò," tàbí "Ẹ fi ìyá kan sí àárín yín." Ẹni tí kò kà á kò ní ohun tí ó lè tún ṣe.

A kì í sì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tí ó kú sí Káírò, ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú ihò kékeré wọ iyàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì ń gbé àwòrán ohun tí ó wà níta lé ara ògiri. Lórí irú ìlànà yẹn ni kámẹ́rà dúró títí di òní.

Ẹ tún wo ti Moustapha Akkad, ọmọ ìlú Aleppo ní Síríà, tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ fíìmù ní Kalifóníà. Nígbà tí ó fẹ́ ya The Message, èyí tí ó jáde ní 1976, lórí ìbẹ̀rẹ̀ Ìsìláàmù, ìwé eré ni ó kọ́kọ́ gbé lọ sí iwájú àwọn onímọ̀ ní Al-Azhar. Láti inú ìwé ni ó ti pinnu pé ojú Ànábì kò ní hàn, ohùn rẹ̀ kò sì ní dún. Ó ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní èdè Lárúbáwá, pẹ̀lú òṣèré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Anthony Quinn ni ó ṣe Hamza nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, Abdullah Gheith ni ó ṣe é nínú ti Lárúbáwá. Síbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kúrò ní Mòrókò kí iṣẹ́ tó parí, Líbíà ni wọ́n ti parí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1977, àwọn ọkùnrin kan gbé ìbọn, wọ́n sì há ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ mọ́lé ní ìlú Washington. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí a má ṣe fi fíìmù náà hàn, nítorí wọ́n gbà pé ó ya àwòrán Ànábì. Bẹ́ẹ̀, kò yà á. Nígbà tí mo rántí ìtàn yìí, ojú tì mí. Èmi kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n èmi náà dá ẹjọ́ ohun tí n kò kà.

Ní ti ilẹ̀ wa níbí, ẹ rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àjàní Ògùn jáde ní 1976, tí Hubert Ogunde sì gbé Ayé jáde ní 1979, rọ́ọ̀lù fíìmù ni wọ́n fi ń yà á. Owó gọbọi ni wọ́n ń ná sí i, òkè òkun ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jẹ́, owó ni ó sun níná. Nítorí náà, òṣèré á ti mọ ipa tirẹ̀ dájú kí kámẹ́rà tó yí. Ogunde ti wà lórí ìtàgé láti àwọn ọdún 1940 kí ó tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Living in Bondage jáde ní 1992, gbogbo ìlú sì kún fún fídíò nígbà tí àwa wà ní yunifásítì. Lónìí, fóònù inú àpò ọmọ ilé ìwé lè ya ohun tí kámẹ́rà ńlá ń yà nígbà náà. Nǹkan náà ti wá rọrùn, kò sì ná wọn ní nǹkan kan láti tún un yà. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó ń tan àwọn ọmọ wa, tí wọ́n fi rò pé títẹ bọ́tìnnì fóònù ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ti parí tàbí kí ó ti bàjẹ́ kí a tó tẹ bọ́tìnnì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, bí ọmọ bá tọ̀ yín wá, ìwé mẹ́fà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkínní, ìwé àníyàn. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo ohun tí fíìmù náà dá lé lórí, kí ó sì fi gbólóhùn kejì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì ní fíìmù. Kí ó padà lọ ronú.

Èkejì, ìwé eré. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ náà ń lò ni pé ojú ewé kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lórí àwòrán. Bí olùkọ́ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ọmọ gbé ọgbọ̀n ojú ewé wá, ó ti hàn pé kò ní lè parí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó tú ìran kọ̀ọ̀kan palẹ̀: ta ni ó wà níbẹ̀, aṣọ wo ni ó wọ̀, kí ni ó mú lọ́wọ́. Ẹni tí ó wọ fìlà funfun wọlé kò gbọ́dọ̀ fi fìlà dúdú jáde.

Ẹ̀kẹta, ìwé ibi àti àkókò. Kí ó ti lọ wo ibẹ̀ ní wákàtí kan náà tí yóò fi ya á, nítorí oòrùn àárọ̀ kì í ṣe oòrùn ìrọ̀lẹ́, ibi tí ó dákẹ́ ní ọjọ́ Àìkú sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ alọta ni ó ń ké níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Òjò ń kọ́? Ọyẹ́ ń kọ́? Àṣẹ ẹni tí ó ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Bí ó bá jẹ́ ìgboro ni, kí olórí àdúgbò àti àgọ́ ọlọ́pàá ti gbọ́ sí i. Kí ó to àwọn ìran pọ̀ ní ibì kan ní ibì kan, kí wọ́n ya gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ibẹ̀ tán kí wọ́n tó kúrò, kódà bí ọ̀kan bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tí èkejì sì jẹ́ òpin. Àárín Àílà sí Aláásárì kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ iye tí ó lè yà níbẹ̀. Kí ó sì ṣẹ́ ọjọ́ tí ó tó kù sílẹ̀ fún títo àwòrán pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kùnà.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àwọn ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ yóò hàn, kí ó buwọ́ lù ú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni yóò buwọ́ lù ú. Iṣẹ́ ta ni láti darí, ti ta ni láti di kámẹ́rà mú, ti ta ni láti gba ohùn? Báwo ni àwọn ọmọbìnrin yóò ṣe délé kí ilẹ̀ tó ṣú? Kí ni wọn yóò jẹ? Ẹ má fi ojú kékeré wo oúnjẹ: ebi ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ìjà sílẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé owó àti irinṣẹ́. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó epo, kí ó wà ní kíkọ, kí wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bátìrì méjì, kí wọ́n ti kún. Ohun tí wọ́n bá yà lónìí, kí wọ́n dà á sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sùn. Ohùn ni kí wọ́n náwó sí ju àwòrán lọ, nítorí ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí a kò gbọ́ kò sí ẹni tí ó lè fara dà á. Orin tí kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí wọ́n tó lò ó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tọdún 2022 wà ní Nàìjíríà, ohun olóhun sì ni ohun olóhun kí òfin náà tó dé.

Ẹ̀kẹfà, ìwé ewu. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú àwọn tí ń ti ibi ìyàwòrán fíìmù bọ̀ ní agbègbè Àsàbà. Òṣèré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Junior Pope kú níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn sì bá a lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn tí wọ́n pè ní ohun eré pa Halyna Hutchins, obìnrin tí ń darí kámẹ́rà wọn, nítorí ọta gidi wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Oníṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n. Ìran wo ni ó ní omi nínú, ta ni ó ní ẹ̀wù ìléfòó? Ìran wo ni ó ní iná, ìbọn tàbí àdá, ṣé àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé eré ni? Wáyà ń kọ́? Ìwé kan ṣoṣo tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ wáyà ì bá ti gba ọwọ́ ìyá arúgbó wa sílẹ̀. Kò sí máàkì tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àwọn ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, ẹ sì fún àwọn ìwé náà ní máàkì tiwọn. Bí ẹ bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré fún gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wọn ní kánjúkánjú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ ìwé ètò láti fi tan àwa àgbà. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ óò ti kúrò kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kúrò. Àdéhùn ni. Ẹnìkan tí ó bá dà á, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mẹ́wàá tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin lèmọ́mù ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ gba gbogbo wọn. Ẹ lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n kí rárá yín jẹ́ ti ẹni tí ó ti kà á. Ní mọ́sálásí tiwa, a ti yan ẹni kan tí ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ ọmọ ìgbìmọ̀, ìwé kan náà ni yóò mú wá.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó ní kò sí nǹkan kan, Àlùfáà. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ó ṣe rọra pa fáìlì náà dé. Mo sọ fún un pé olùkọ́ wa àgbà ní ilé kéú, ẹni tí ó kọ́ èmi gan-an ní álífì, ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le díẹ̀, bóyá ó lè wá ya tirẹ̀. Mo ní kí ó wá ní ọjọ́ kejì. Ó ní rárá o, òun kò lè ya ohunkóhun ní ọjọ́ kejì, òun ní láti kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta ná.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ọlọ́gbọ́n, kí Ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí Ó sì má jẹ́ kí àwa àgbà jẹ́ òkúta ìdìgbòlù ní ọ̀nà wọn. Àmín.